Ilé Ni A Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Iléṣà, tí ìyá mi àgbà bá ń so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ mi lọ́rùn ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọdún, èmi a máa rò pé ọ̀rọ̀ aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ nìkan ni òwe náà ń sọ. N kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí n óò jókòó níwájú kọ̀ǹpútà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí n óò máa wo inú ilé ìdáná bàbá arúgbó kan tí ó ti jagun rí, tí ó jìnnà sí mi tó máìlì 90, tí òwe náà yóò sì wá yé mi bí ẹni pé òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á sí mi létí.

Onímọ̀ nípa oúnjẹ aláìsàn ni mí. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ iṣẹ́ náà kí n tó ré òkun kọjá, ó sì ti lé ní ogún ọdún báyìí tí mo ti ń fi í jẹun ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà, nínú ilé ìwòsàn tí ìjọba ilẹ̀ náà dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Ohun tí ó bá ń dun ni níí pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ọ̀rọ̀ tí ó sì pọ̀ jù lẹ́nu mi ni ti àwọn tí ogun ìbọn ti tán fún, tí ogun jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ sì tún wá gbé dìde sí wọn ní ọjọ́ alẹ́. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni a bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn ṣe ètò oúnjẹ àti eré ìdárayá láti òkèèrè, àwa ní ọ́fíìsì, àwọn nínú ilé wọn, ẹ̀rọ ni ó wà láàárín wa. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, mo kà á sí ìtọ́jú ìdajì, ohun tí a fi ń rọ́jú títí ẹsẹ̀ aláìsàn yóò fi tó ilé ìwòsàn. Lónìí, mo mú kálàmù lọ́wọ́ láti sọ pé mo ṣìnà, àti láti sọ ohun tí ó kọ́ mi lọ́gbọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ọ̀tá tí a ń sọ. Mùdùnmúdùn inú egungun ni Elédùmarè, Ọba a-dá-ẹ̀dá-má-fi-ibì-kan-ṣòfò, fi ṣe àgbẹ̀dẹ tí a ti ń rọ ẹ̀jẹ̀: ibẹ̀ ni a ti ń rọ ẹ̀jẹ̀ pupa tí ń gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ara, ibẹ̀ ni a ti ń rọ ẹ̀jẹ̀ funfun tí ń ṣọ́ ibodè, ibẹ̀ náà ni a ti ń rọ èyí tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dá lójú ọgbẹ́. Bí ọ̀tẹ̀ bá wọ àgbẹ̀dẹ yìí, tàbí ọ̀nà tí àwọn ohun tí ó rọ ń gbà káàkiri ara, a di jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Lukímíà wà níbẹ̀, línfómà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí mo ń bá pàdé jù ni mayẹlómà. Nínú rẹ̀, àwọn alágbẹ̀dẹ tí ó yẹ kí wọ́n máa rọ ohun ìjà tí ara fi ń kọjú àrùn gan-an ni ó dìtẹ̀. Wọn a máa bí sí i láìdáwọ́ dúró, wọn a máa lu egungun ní ihò bí ikán ti ń lu òpó ilé, wọn a máa da ẹrẹ̀ sínú kíndìnrín, wọn a sì máa gba àyè mọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa lọ́wọ́ títí olúwarẹ̀ yóò fi máa mí hẹlẹhẹlẹ lórí àtẹ̀gùn mẹ́ta péré. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà.

Báwo ni ọ̀tá yìí ṣe wá mọ ilé àwọn ọmọ ogun? Láàárín ọdún 1962 sí 1971, nígbà ogun Vietnam, àwọn ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà a máa fọ́n oògùn apagi sórí igbó kìjikìji ilẹ̀ náà, kí ewé lè wọ́ dànù, kí ọ̀tá má baà rí ibi fara pamọ́ sí. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú àwọn oògùn náà ni Agent Orange, tí wọ́n sọ lórúkọ bẹ́ẹ̀ nítorí ìlà aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n fi sàmì sí ara àgbá rẹ̀. Inú rẹ̀ ni májèlé kan tí ń jẹ́ dioxin wà, tí kì í tètè kúrò nínú ilẹ̀, tí kì í sì í tètè kúrò nínú ọ̀rá ara ènìyàn. Ewé gbẹ, ogun parí, àwọn ọmọkùnrin padà sílé, wọ́n gbéyàwó, wọ́n bímọ, wọ́n dúpẹ́ pé ìbọn kò ba àwọn. Lẹ́yìn ogójì tàbí àádọ́ta ọdún ni àlejò láti igbó ọ̀nà jíjìn wá kan ilẹ̀kùn. Láti ìgbà òfin ọdún 1991 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ń ka àwọn àrùn kan sí ohun tí oògùn náà fà, tí aláìsàn kò fi ní máa wá ẹlẹ́rìí kiri; mayẹlómà, línfómà àti irú lukímíà tí ń rìn jẹ́jẹ́ sì wà nínú wọn. Ní ọjọ́ 10, oṣù kẹjọ, ọdún 2022 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin tí wọ́n ń pè ní PACT Act, tí ó fi ẹ̀jẹ̀ ríru kún un, tí ó sì tún fi àmì inú ẹ̀jẹ̀ tí í máa ṣíwájú mayẹlómà kún un. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó ní àmì yìí, bí ẹnì kan ṣoṣo ni í máa ti ibẹ̀ bọ́ sínú àrùn gan-an lọ́dọọdún. Nítorí náà, ìkìlọ̀ ni àmì náà, kì í ṣe ìdájọ́, ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í sì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.

Ohun kan tún wà tí ó kan èmi àti ẹ̀yin òǹkàwé mi. Bí mayẹlómà bá mú ẹnì kan nínú iye aláwọ̀ funfun kan ní Amẹ́ríkà, a máa mú tó ẹni méjì nínú iye aláwọ̀ dúdú kan náà. Ọ̀gágun Colin Powell, ọmọ àwọn ará Jamaica tí wọ́n ṣí wá sí New York, ẹni tí ó lọ sí Vietnam lẹ́ẹ̀mejì, tí ó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí yóò jẹ́ alága àwọn olórí ológun Amẹ́ríkà, òun náà ní mayẹlómà lára nígbà tí àrùn Kòrónà bá a. Ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, síbẹ̀ ó tẹ́rí gbaṣọ ní ọjọ́ 18, oṣù kẹwàá, ọdún 2021. Ẹni tí àwọn alágbẹ̀dẹ ohun ìjà rẹ̀ ti dìtẹ̀, abẹ́rẹ́ a máa bá a rán iṣẹ́, kò sì ní sí ẹni tí yóò jẹ́ iṣẹ́ náà bí ó ti yẹ.

Oògùn wà, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣe é, nítorí àwọn tí kì bá ti lò ju ọdún méjì tàbí mẹ́ta lọ ní ayé àtijọ́ ń rí ọmọ-ọmọ wọn wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga lónìí. Ṣùgbọ́n oògùn tí ó lágbára láti lé olè a máa fọ́ àwo nínú ilé. Dexamethasone, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wà nínú gbogbo àpòpọ̀ oògùn mayẹlómà, a máa lé oorun lójú, a máa gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, a sì máa jẹ iṣan itan títí àga yóò fi di òkè fún ẹni tí ó fẹ́ dìde. Bortezomib a máa mú kí ẹsẹ̀ máa ta bí ẹni pé ìjàlọ ń jẹ ẹ́, títí àtẹ́lẹsẹ̀ kò fi ní mọ̀ bóyá ilẹ̀ ni òun tẹ̀ tàbí òwú. Lórí gbogbo rẹ̀ ni àárẹ̀ kan tún wà, àárẹ̀ tí oorun kò lè wò. Ẹni tí ó bá ń fi ìdùbúlẹ̀ wá ìwòsàn rẹ̀ a máa rẹ̀ sí i ni, nítorí ìdùbúlẹ̀ ń jẹ iṣan, iṣan tí ó dín kù ń bí àárẹ̀. Àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ péjọ ní ọdún 2018 láti yẹ ìwádìí wò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni pé kí aláìsàn jẹjẹrẹ máa rìn tàbí kí ó máa ṣe eré tí ń mú ọkàn ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 30, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí ó sì máa fi ohun tí ń mú iṣan le kún un lẹ́ẹ̀mejì, pé àárẹ̀ yóò fúyẹ́, ìbẹ̀rù yóò dín kù, ara yóò sì gbà.

Ó rọrùn láti sọ. Ṣùgbọ́n bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ajagunfẹ̀yìntì ilẹ̀ náà ni ó ń gbé ní ìgbèríko, níbi tí bọ́ọ̀sì kò dé. Ta ni yóò wa ọkọ̀ ní máìlì 90 lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kí ó lè jókòó kí ó sì dìde níwájú físíò, òṣìṣẹ́ ìlera tí ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara? Láti ọdún 1986 ni ilé ìwòsàn àwọn ajagunfẹ̀yìntì ní Durham, ní ìpínlẹ̀ North Carolina, ti dá ẹgbẹ́ eré ìdárayá kan sílẹ̀ fún àwọn àgbà, tí wọ́n ń pè ní Gerofit; irú rẹ̀ sì ti tàn kálẹ̀. Ní ọdún 2018, òfin yọ̀ǹda fún wa láti tọ́jú ajagunfẹ̀yìntì láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn lórí ẹ̀rọ; ẹni tí kò ní ẹ̀rọ, a lè yá a ní tábúlẹ́ẹ̀tì tí íńtánẹ́ẹ̀tì wà nínú rẹ̀. Àjàkálẹ̀ Kòrónà dé ní ọdún 2020, ó ti ilẹ̀kùn ńlá, ó sì fi ipá ṣí fèrèsé yìí fún gbogbo wa.

Ibí yìí ni mo ti ní láti jẹ́wọ́. Bàbá kan wà, ará ìgbèríko Alabama, ọmọ ọdún 76, ẹni gíga tí èjìká rẹ̀ ti tẹ̀, tí ó wà ní Vietnam ní ọdún 1968. Lẹ́nu, "sà" ni mo máa ń pè é, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe àgbà níbẹ̀. Lọ́kàn mi, Bàbá ni, ìyàwó rẹ̀ sì ni Màmá. Nígbà tí ó kọ́kọ́ wá sí ọ̀dọ̀ mi pẹ̀lú mayẹlómà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí, mo fún un ní ìwé kan tí a tẹ̀ dáradára, tí wọ́n ya ẹja salmon sí, tí wọ́n ya èso blueberry sí, tí wọ́n kọ ọkà quinoa sí. Ó fara balẹ̀ kà á, ó dúpẹ́, ó ká a sínú àpò àyà rẹ̀ bí ẹni ká ìwé àṣẹ. Lẹ́yìn oṣù méjì, ó ti fi pọ́n-ùn 11 rù. Mo bi í pé ṣé ó ń jẹun, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Mo bi í pé ṣé ó ń tẹ̀ lé ìwé náà, ó ní, "Mo ń gbìyànjú." Mo kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, mo sì pe aláìsàn tí ó kàn.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé lórí ẹ̀rọ ni ojú mi là. Màmá gbé tábúlẹ́ẹ̀tì náà ti agolo ṣúgà lórí tábìlì ìdáná, mo sì rí ìwé mi tí wọ́n fi mágínẹ́ẹ̀tì lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì, kò ní àbàwọ́n kankan. Mo tọrọ gáfárà pé kí wọ́n jẹ́ kí n wo inú fíríìjì náà, bí kò bá ní jọ àfojúdi. Ẹyin méjì ni ó wà níbẹ̀, àti ìgò ohun mímu dídùn, àti ìkòkò ògì àgbàdo wọn tí ó ti dì. Ilé ìtajà kan ṣoṣo tí ó wà nítòsí, ohun inú agolo ni ó ń tà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹja tútù yóò wa ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú 40. Ojú mẹ́wàá kò jọ ojú ẹni. Fún oṣù méjì ni mo ti ń fi etí wo ilé bàbá yìí. Ìdáhùn ọmọlúwàbí tí kò fẹ́ dójú ti mi ni mo sì ń kọ sílẹ̀ bí òtítọ́.

Ohun tí ó tún bà mí lẹ́rù jù wà lórí tábìlì náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyọ̀. Ìgò ibuprofen ńlá kan ni, irú èyí tí ẹnikẹ́ni lè rà láìsí ìwé dókítà. Egbò inú egungun ẹ̀yìn ń dùn ún, ó sì ń lò ó ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́. Bẹ́ẹ̀ oògùn yìí a máa fún ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ kíndìnrín pọ̀, kíndìnrín ẹni tí ó ní mayẹlómà sì ti rù ju ẹrù rẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀. Nígbà mẹ́ta ni wọ́n ti bi í ní kílíníìkì pé oògùn wo ni ó ń lò, nígbà mẹ́ta ni ó sì ti ka èyí tí dókítà kọ fún un nìkan, nítorí lójú tirẹ̀, ohun tí a rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọṣẹ àti búrẹ́dì kì í ṣe oògùn. Ọjọ́ náà ni dókítà rẹ̀ yí ìtọ́jú ìrora rẹ̀ padà. N kò ní irinṣẹ́ kankan tí ó rí ìgò yẹn, àfi pé ẹnì kan gbà kí n wọ ilé òun.

Ìgbà yẹn ni mo sì mọ̀ pé ẹ̀bùn ńlá ni ìyọ̀ǹda náà. Ní àgbègbè Tuskegee, ní Alabama yìí kan náà, láti ọdún 1932 sí 1972, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba ń wo àwọn ọkùnrin dúdú bí 400 tí wọ́n ní àrùn sífílíìsì, wọ́n ń kọ ìwà àrùn náà sílẹ̀, wọn kò sì fún wọn ní pẹnisílínì kódà nígbà tí gbogbo ayé ti mọ̀ pé ó ń wò ó. Ọ̀dọ́ ni Bàbá nígbà tí àṣírí náà tú. Ẹni tí ó gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò rẹ̀, tí ó tún wá ṣí fíríìjì rẹ̀ fún àjèjì, kì í ṣe ẹni tí à ń bá wí; ẹni tí à ń kúnlẹ̀ kí ni. Láti ọjọ́ náà, n kò fi ìwé títẹ̀ ṣíwájú mọ́. Ìbéèrè mi àkọ́kọ́ ni pé: "Kí ni Màmá máa ń sè nígbà tí ara yín le?"

Ẹ̀rín ni Màmá kọ́kọ́ fi dáhùn. Ó ní ilá ni, àti ẹ̀wà olójú dúdú, àti ẹ̀fọ́ collard tí wọ́n fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ sè. Ẹ̀yin ènìyàn mi, omi bọ́ lójú mi. Ilá àti ẹ̀wà yìí ni ó bá àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ré òkun láti ilẹ̀ wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n sì dúró ti àwọn ọmọ wọn nígbà tí orúkọ sọnù, tí èdè sọnù. Èmi wá ń fi quinoa lọ ọmọ ẹlẹ́wà! A jọ tún ìkòkò náà tò. Ẹ̀wà dúró, ilá dúró, ẹ̀fọ́ dúró. Ẹran oníyọ̀ ni a mú kúrò nítorí kíndìnrín àti ẹ̀jẹ̀ ríru, a fi àlùbọ́sà, ata gbígbẹ àti fínígà rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí ń bá jẹjẹrẹ jà nílò ju gíráàmù kan purotéènì lọ fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ó wọ̀n, ó sì lè tó gíráàmù kan àbọ̀, àfi bí dókítà kíndìnrín bá ní kí a dẹwọ́. Ẹyin kan ń mú nǹkan bí gíráàmù 6 wá, ife ẹ̀wà sísè kan ń mú bí 13 wá. A fi ṣírò yìí hàn Màmá pẹ̀lú ife tirẹ̀, kì í ṣe pẹ̀lú òṣùwọ̀n mi. Ẹja inú agolo tí ilé ìtajà náà ń tà, a ṣan iyọ̀ rẹ̀ dànù, ó di ẹja. Omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀ láti òwúrọ̀, nítorí omi ni ó ń bá kíndìnrín gbá ẹrẹ̀ jáde. Ní ti èèwọ̀ tí a máa ń ṣe láyé àtijọ́, pé kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ funfun rẹ̀ lọ sílẹ̀ má jẹ èso tàbí ewé tútù rárá, ìwádìí kò fi hàn pé ó ń dènà àrùn ju ìmọ́tótó lọ: kí a fọ ewé, kí ẹyin jinná, kí oúnjẹ má sùn síta.

Ní ti eré ìdárayá, ọ̀rẹ́ mi kan tí í ṣe físíò ni ó ń darí rẹ̀, èmi a sì máa jókòó tì í. Kí a tó ṣe ohunkóhun, a ó wo èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà. Bí èyí tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dá bá lọ sílẹ̀ jù, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ pupa bá kéré jù, a ó dẹwọ́. Lẹ́yìn náà, àga onígi tí kò ní ọwọ́, kí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri, bàtà lẹ́sẹ̀, ajá níta. Ọ̀rẹ́ mi yóò ní, "Ẹ ká ọwọ́ mọ́ àyà, sà, kí ẹ dìde, kí ẹ jókòó, iye ìgbà tí ẹ bá lè ṣe é láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30." Ọkùnrin tí ó wà láàárín ọdún 75 sí 79, bí ó bá dìde tí kò tó ìgbà 11, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rẹlẹ̀, ìṣubú sì wà nítòsí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Bàbá dìde. Ó wo ilẹ̀. Ẹni tí ó ti ru ìbọn àti ẹrù la ẹrọ̀fọ̀ kọjá!

Orúnkún, ìránṣẹ́ tí í gbé olówó rẹ̀ dìde, a-tẹ̀-fún-ọba-má-dà-á, ìwọ ni ènìyàn kì í kí títí ọjọ́ tí o bá kọ iṣẹ́. A kò fi ipá mú un. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn: ìgbà mẹ́rin ní òwúrọ̀, ìgbà mẹ́rin ní alẹ́, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, márùn-ún. Nítorí ihò inú egungun ẹ̀yìn rẹ̀, a kò jẹ́ kí ó lọ́ ara tàbí kí ó bẹ̀rẹ̀ gbé ẹrù wúwo láé. Nítorí ẹsẹ̀ tí kò mọ ilẹ̀ mọ́, ẹ̀gbẹ́ ibi ìfọwọ́ ilé ìdáná ni ó ti ń kọ́ bí a ti ń gòkè lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, níbi tí ọwọ́ ti lè tètè rí ohun dìmú. Rírìn rẹ̀ kò ju kí ó dé ibi àpótí lẹ́tà kí ó sì padà, ní ìwọ̀n tí ó fi lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin. Ọjọ́ tí ó bá lo dexamethasone, agbára a gùn ún bí ẹni pé ogún ọdún ni; ọjọ́ kẹta, a wó lulẹ̀. A wá kọ́ láti fi iṣẹ́ díẹ̀ sí ọjọ́ méjèèjì, kí tòní má baà jẹ tọ̀la run.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó bi mí pé báwo ni àwọn ènìyàn mi ṣe ń ka nǹkan. Mo ní, "Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún." Ó tún un sọ, ahọ́n rẹ̀ wúwo, ojú rẹ̀ ń dán. Láti ọjọ́ náà ni a kò ti fi èdè òyìnbó kà á mọ́. Màmá tí ń fọ abọ́ lẹ́yìn rẹ̀ a máa gbè é lábẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù kẹta, Bàbá dé ẹ̀sán láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30. Kò dé 11. Ṣùgbọ́n ó lọ sẹ́yìnkùlé lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó gbé àga kalẹ̀, ó jókòó, ó sì gbin ilá.

N kò ní purọ́ fún yín pé ẹ̀rọ lè ṣe gbogbo nǹkan. Ọwọ́ mi kò lè kọjá inú dígí láti di ẹni tí ń ṣubú mú. Nítorí náà, bí a bá ti kí ara wa tán, ohun àkọ́kọ́ tí à ń bi ajagunfẹ̀yìntì ni ibi tí ó wà gan-an ní ọjọ́ náà àti ẹni tí ó wà nítòsí rẹ̀, kí a lè mọ ibi tí a ó rán ọkọ̀ aláìsàn sí bí ọ̀ràn bá yí. A ti sọ fún wọn pé ibà tí ó bá dé ìwọ̀n 38, ìrora ẹ̀yìn tí ó jẹ́ tuntun, tàbí ẹsẹ̀ tí ó ṣàdédé rọ, kò dúró de ìpàdé ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ọjọ́ mìíràn, íńtánẹ́ẹ̀tì yóò kọ̀, fóònù lásán ni a ó fi máa gbọ́ bí àga ti ń ké. Àìsàn ni a ń wò, a kì í wo ikú.

Ní ọdún kejì, àrùn náà padà dé. Wọ́n yí oògùn, wọ́n tún un yí. Ṣùgbọ́n a kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Nígbà tí Bàbá kò lè dìde mọ́, orí ibùsùn ni ó ti ń gbé ọwọ́ sókè, ení, èjì, ẹ̀ta. Ṣíbí ẹ̀wà lílọ̀ méjì ni ó sì ń jẹ, nítorí a ti gbà pé adùn ni ó kù tí oúnjẹ yóò ṣe fún un, kì í ṣe agbára. Ó lọ ní àárọ̀ ọjọ́ kan kí ilá rẹ̀ tó so, nínú ilé rẹ̀, bí ó ti fẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Màmá pè wá. Ó ní òun fẹ́ dá tábúlẹ́ẹ̀tì ìjọba padà, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ fi sínú páálí láìkí wa. Ó ti gbé e ti agolo ṣúgà níbi tí ó ti máa ń wà. Mo rí fíríìjì, mo rí àwo ilá tútù lórí tábìlì, mo sì rí àga onígi náà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ti ògiri. Mo bá a kẹ́dùn. Ó dá mi lóhùn. Lẹ́yìn náà ni a dákẹ́. Ó wo àga náà títí, ó lọ jókòó sí i, ó wọ bàtà rẹ̀ dáadáa. Ó ní, "Ọmọ mi, orúnkún èmi náà ti ń kùn o." Ó ká ọwọ́ mọ́ àyà bí a ti kọ́ ọkọ rẹ̀. Mo ya ẹnu láti bá a kà á, ṣùgbọ́n kí ohùn mi tó jáde, ó ti dìde, ó sì ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀:

"Ení."